Ta Ló Tó Béèrè? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Owó Ìlú, Bọ́ọ̀lù àti Fújà

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òòrùn. Mo mọ̀ pé eré kan máa bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yìí, mo sì ti rí àwọn tó ń yọjú wo aago. Ẹ má kánjú. Bọ́ọ̀lù náà ni mo bá wá.

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa níbi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù. Ẹ mọ irú ibẹ̀: bẹ́ǹṣì onípákó, fáànù kan ṣoṣo tí ariwo rẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ, tẹlifíṣàn méjì, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Tẹlifíṣàn kìíní ń gbé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn kọjú sí. Èkejì ń gbé eré láti Saudi, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ ló dá jókòó síwájú rẹ̀. Aṣọ Al Nassr ló wọ̀, aláwọ̀ ìyeyè, nọ́ńbà 7 ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń bó. Kì í ṣe Al Nassr ló ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ kéékèèké méjì ni. Kámẹ́rà ń yí kiri pápá, àga ló ń fi hàn wá, àga lóríṣiríṣi àwọ̀, ìlà dé ìlà, kò sẹ́ni tó jókòó lé wọn. Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá, ṣé wọn ò rówó ra tíkẹ́ẹ̀tì ni?"

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ìlú tó rówó ra Cristiano Ronaldo, ṣé owó tíkẹ́ẹ̀tì ló máa wá wọ́n wọn? Àmọ́ ìbéèrè ọmọ náà bá mi délé, kò jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti bí ìbéèrè mìíràn nínú mi, òun ni mo gbé wá síwájú yín lónìí: owó tí wọ́n ń ná yẹn, ta ló ni ín, ta ló sì tó béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an?

Ẹ jẹ́ ká ti Saudi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kejìlá, ọdún 2022, Ronaldo tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Al Nassr, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan ti ìlú Riyadh. Ẹni ọdún 37 ni. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2023, àpò ńlá tí ìjọba ibẹ̀ fi ń dókòwò, èyí tí wọ́n ń pè ní PIF, gba ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó lókìkí jù: Al Hilal àti Al Nassr ní Riyadh, Al Ittihad àti Al Ahli ní Jeddah. Ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń bá ara wọn du ife kan náà di ti ẹnìkan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni tó kó àkùkọ mẹ́rin sí agbo ìjà: èyí tó wù kó borí, ilé rẹ̀ náà ni yóò sùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni wọ́n náwó bí ẹlẹ́dà. Kó tó di pé àsìkò káràkátà agbábọ́ọ̀lù parí, owó tí àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ti ná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là. Benzema dé, Kanté dé, Mané dé, Mahrez dé. Al Hilal gbé mílíọ̀nù 300 owó yúrò síwájú Paris Saint-Germain nítorí Mbappé. Mbappé ní òun ò tiẹ̀ fẹ́ bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Neymar ní tirẹ̀ gbà, mílíọ̀nù 90 yúrò ni wọ́n san fún ẹgbẹ́ tó tà á. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni orúnkún rẹ̀ já níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Brazil. Nígbà tó fi máa palẹ̀ ẹrù mọ́ padà sí Santos ní oṣù Kìíní ọdún 2025, eré méje péré ló ti gbá fún Al Hilal. Ẹ pín in fúnra yín. Owó tí wọ́n fi rà á nìkan, ká má tíì dórí owó oṣù, ju mílíọ̀nù 12 yúrò lọ lórí eré kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń sọ pé àwọn ará Saudi kò mọ bọ́ọ̀lù o. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Láti 1927 ni wọ́n ti dá Al Ittihad sílẹ̀. Ní ìdíje Ife Àgbáyé 1994, Saeed Al-Owairan gba bọ́ọ̀lù nínú ilé tiwọn, ó sá a láti ibẹ̀ gba àárín àwọn ará Belgium kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbá a sáwọ̀n; ẹ̀yin àgbà tó wà níbí ò lè gbàgbé. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, wọ́n na Argentina ní 2 sí 1, Argentina kan náà tó padà gbé ife náà lọlé. Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ló sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù ní líìgì wọn ní sáà 2021 sí 2022, kí Ronaldo tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹgbẹ́ ńláńlá wọn ti ní èèyàn tipẹ́tipẹ́, kì í ṣe owó ló bá wọn kó wọn jọ. Ibi tí kò sí èèyàn tẹ́lẹ̀, owó náà ò tíì rí èèyàn kó síbẹ̀. Àga tí ọmọ yẹn ń wò nìyẹn.

Ó dáa, ta ni alága àpò ńlá yìí? Àrẹ̀mọ ọba ni, Mohammed bin Salman, ẹni tó ń darí ìlú fún bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan tó ń gba ọba nímọ̀ràn, èèyàn 150 ló wà níbẹ̀, ọba ló yan gbogbo wọn. Kò sí ilé aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn. Epo tí Ọlọ́run fi sábẹ́ ilẹ̀ wọn, ti gbogbo wọn ni, ti darandaran tó wà ní gúúsù àti ti obìnrin tó ń tajà ní Jeddah. Àmọ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá jí lówùúrọ̀ tó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí orúnkún Neymar fi gbówó tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bi? Ibo ni yóò dúró sí bi í?

Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé Neom, agbègbè ńlá tuntun tí ìjọba Saudi ní òun fẹ́ kọ́.

Oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ni wọ́n kéde rẹ̀, wọ́n ní bílíọ̀nù 500 dọ́là ni àwọn máa ná sí i, ní agbègbè Tabuk, létí Òkun Pupa. Ní 2021, wọ́n tún kéde ìlú kan tó máa wà nínú rẹ̀, The Line, ìlú tó máa rí bí okùn tí wọ́n ta. Gígùn rẹ̀, 170 kìlómítà. Fífẹ̀ rẹ̀, 200 mítà. Gíga rẹ̀, 500 mítà, dígí bí awò ìwojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn nínú rẹ̀. Kí ó lè yé wa: títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò tó 130 kìlómítà. Cocoa House tí a ń wò lókè níbí yìí, 105 mítà ni. Ẹ to Cocoa House mẹ́rin lé ara wọn, ẹ tún mú ìkarùn-ún lé e, kí ẹ wá máa fa ògiri náà lọ láti ibí títí tẹ́ ẹ ó fi gba Èkó kọjá bọ́ sínú òkun. Nínú ògiri yẹn ni wọ́n sọ pé pápá ìṣeré kan máa wà fún Ife Àgbáyé 2034, tí koríko rẹ̀ máa ga ju 350 mítà lọ sí ilẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò máa ju Cocoa House mẹ́ta lọ sókè.

Ìwé tí wọ́n fi du ìdíje náà ni mo ti rí ọ̀rọ̀ pápá ojú ọ̀run yẹn, kì í ṣe àlọ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni FIFA gbé ìdíje náà lé wọn lọ́wọ́. Àwọn nìkan ló du ú. Wọn ò ka ìbò, àtẹ́wọ́ ni àwọn aṣojú gbogbo ayé pa.

Ní 2024 kan náà, ìròyìn ti ń jáde pé nínú 170 kìlómítà yẹn, 2.4 ni wọ́n retí pé yóò dúró kí 2030 tó dé.

Ilẹ̀ tí wọ́n ní kò séèyàn lórí rẹ̀ náà sì ní onílẹ̀. Ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Howeitat ti wà níbẹ̀ láti ayébáyé. Ní ọdún 2020, ìjọba ní kí wọ́n kó kúrò. Ọkùnrin kan nínú wọn, Abdul Rahim al-Huwaiti, gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ya ara rẹ̀ sí fídíò, ó ní òun ò lọ. Ó ní kò ní ya òun lẹ́nu bí wọ́n bá gbé ìbọn sínú ilé òun kí wọ́n lè pe òun ní ọ̀daràn. Lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin, àwọn agbófinró pa á. Ìjọba ní ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ yìnbọn. Lẹ́yìn ìgbà náà, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún ọkùnrin mẹ́ta nínú ẹ̀yà náà.

Ẹni tó béèrè nìyẹn.

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn níwájú pé wọ́n ti ṣe ohun rere náà. Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn. Epo máa tán lọ́jọ́ kan, kò burú bí ìlú bá ń wá ohun mìíràn tí yóò máa jẹ. Ọ̀dọ́ pọ̀ níbẹ̀ bíi tiwa, ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ ibi tí yóò ti yọ̀. Oṣù Kìíní ọdún 2018 ni obìnrin kọ́kọ́ jókòó ní pápá ìṣeré wò bọ́ọ̀lù ní Jeddah. Lónìí wọ́n ní líìgì obìnrin. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, wọ aṣọ Al Hilal ní 2025. Inú mi dùn sí i, kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀. Àmọ́ ẹ tún wo èyí. Oṣù Kẹfà ọdún 2018 ni wọ́n gbà kí obìnrin máa wakọ̀. Loujain al-Hathloul, obìnrin tó ti ń pariwo láti ọ̀pọ̀ ọdún wá pé kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin wakọ̀, oṣù Karùn-ún ni wọ́n kó o lọ sí àtìmọ́lé, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òfin náà yí padà. Oṣù Kejì ọdún 2021 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ohun tó béèrè fún, wọ́n ti pinnu láti ṣe é. Pé ó béèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Mi ò ní pẹ́ lórí Qatar àti Ife Àgbáyé 2022 tó gbà lálejò, torí gbogbo wa la gbọ́ ọ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Pápá mẹ́jọ ni wọ́n lò, méje nínú wọn jẹ́ tuntun, nínú ìlú tí kò tó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní fífẹ̀. Àwọn ọmọ Nepal, India, Bangladesh àti Kenya ló gbé bíríkì lórí nínú oòrùn yẹn. Nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́, Hassan Al-Thawadi tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ètò náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iye òṣìṣẹ́ àlejò tó kú lẹ́nu iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìdíje náà tó 400 sí 500. Ó ní kò sí iye gan-an lọ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù tó bá rọ́ ẹsẹ̀, a mọ ọjọ́ tó rọ́ ọ, a mọ ọjọ́ tó máa gbádùn. Ẹni tó kọ́ pápá náà kú, iye àwọn tó kú di "400 sí 500".

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni Ṣáínà. Mo tẹ̀lé líìgì wọn nígbà náà bí ẹni ń tẹ̀lé ti ọmọ rẹ̀, torí àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. Obafemi Martins lọ sí Shanghai Shenhua ní 2016. Oṣù Kìíní ọdún 2017 ni Mikel Obi kúrò ní Chelsea lọ sí Tianjin, oṣù kan náà ni Ighalo lọ sí Changchun. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn wí. Agbábọ́ọ̀lù kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá rí ibi tó ti máa fi ọdún méjì rí owó ọdún mẹ́wàá, tó ní ìyá nílé àti àbúrò nílé ìwé, kó lọ. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Xi Jinping fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Kó tó di ààrẹ pàápàá, ní 2011, ó ti sọ pé ohun mẹ́ta lòun fẹ́: kí Ṣáínà yege lọ sí Ife Àgbáyé, kó gbà á lálejò, kó sì gbé e. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tíì débẹ̀ ní ti ọkùnrin, ní 2002. Eré mẹ́ta, ayò mẹ́sàn-án wọlé wọn, wọn ò gbá ẹyọ kan sáwọ̀n. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ìjọba gbé ètò ńlá jáde lórí bọ́ọ̀lù. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kọ́lé tà gbọ́ ohùn yẹn dáadáa. Ìjọba ló ni ilẹ̀ ìgboro ní Ṣáínà. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀, ojú rere ìjọba ló ń wá. Ẹni tó bá sì fẹ́ ojú rere, kó ra ohun tí olórí fẹ́ràn. Bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe di ẹ̀bùn tí wọ́n ń gbé lọ sááfin nìyẹn.

Evergrande ló ṣíwájú gbogbo wọn. Láti 2010 ló ti ra ẹgbẹ́ Guangzhou, mílíọ̀nù 100 yuan ló rà á, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ti já sí ìpele kejì nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ta ayò. Láti 2011 dé 2017, ọdún kan kò kọjá tí wọn ò gbé ife líìgì. Wọ́n gbé ti Éṣíà ní 2013 àti 2015. Lippi kọ́ wọn, Scolari kọ́ wọn. Èèyàn sì ń wá o! Pápá Tianhe máa ń pupa fòò láti orí dé ilẹ̀. Ìfẹ́ tòótọ́ ni, bàbá ń gbé ọmọ lé èjìká lọ síbẹ̀.

Ní 2016, Alex Teixeira lọ sí Jiangsu Suning ní mílíọ̀nù 50 yúrò, Hulk lọ sí Shanghai SIPG ní 55, Oscar tẹ̀lé e ní nǹkan bí 60 kí ọdún tuntun tó mọ́lẹ̀. Carlos Tevez lọ sí Shenhua, ó gbá ayò mẹ́rin wọlé ní líìgì, ó padà sí Argentina, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé ìsinmi oṣù méje lòun lọ lò.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ yí. Ní àárín ọdún 2017, wọ́n ní ẹgbẹ́ tó bá ra àjèjì ju mílíọ̀nù 45 yuan lọ gbọ́dọ̀ san iye kan náà sínú àpò tí wọ́n fi ń tọ́ ọ̀dọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, wọ́n ní àjèjì kankan kò gbọ́dọ̀ gba ju mílíọ̀nù mẹ́ta yúrò lọ lọ́dún, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹgbẹ́ yọ orúkọ iléeṣẹ́ kúrò lára orúkọ wọn. Ó ṣeé ṣe kí òfin wọ̀nyí dára. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni pé ẹnu tó ní kí wọ́n ná an náà ló ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Láti òkè ló ti wá, láti òkè ló ti lọ. Ẹni tó gbé ọmọ lé èjìká, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní ìparí.

Ẹ gbọ́ ti Jiangsu. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2020, wọ́n na Guangzhou Evergrande ní 2 sí 1, wọ́n gba ife líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2021, iléeṣẹ́ Suning tó ni wọ́n sọ pé ẹgbẹ́ náà kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ọjọ́ 108 ló wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí wọ́n dé ládé ní oṣù Kọkànlá, nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Kejì, wọ́n ti sin ín.

Ti Guangzhou pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Evergrande fi ṣọ́bìrì lélẹ̀ fún pápá ìṣeré tuntun, àyè ìjókòó 100,000, bílíọ̀nù 12 yuan, tí ìrísí rẹ̀ máa dà bí òdòdó lótọ́ọ̀sì tó ń là lórí omi. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Ó lẹ́wà, mi ò lè purọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, gbèsè tó tó bílíọ̀nù 300 dọ́là yọ lábẹ́ iléeṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn tó ti sanwó ilé, tí wọ́n ti yá owó ní báńkì, tí wọ́n ń san án lóṣooṣù, ń wo ilé alájà 30 tí kò ní fèrèsé. Ní 2022, iléeṣẹ́ náà dá ilẹ̀ òdòdó padà fún ìjọba. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní Hong Kong pàṣẹ pé kí wọ́n ta dúkìá Evergrande, kí wọ́n fi san gbèsè fún àwọn tó jẹ lówó. Lọ́jọ́ 6 oṣù Kìíní ọdún 2025, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Guangzhou, tó gbé ife líìgì Ṣáínà nígbà mẹ́jọ, kò rí ìwé àṣẹ gbà nítorí gbèsè. Wọ́n tú u ká.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kí n mu omi.

Ó yẹ kí ẹnìkan nínú yín bi mí léèrè báyìí pé: àwa ńkọ́? Ìlú Ìbàdàn yìí náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti fi owó kòkó kọ́ Liberty Stadium ní 1960. Pápá tí èèyàn 35,000 lè jókòó sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ abúlé tó ń gbin kòkó náà kò ní iná, kò ní omi ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, inú pápá yẹn ni Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer, ọmọ Amẹ́ríkà, tí Fullmer kò sì jáde fún ìpele kẹjọ. Ìjà tó ń pinnu akọni àgbáyé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìjọba ló náwó sí i kí ó lè ṣeé ṣe. Nígbà tí Anthony Joshua, tí àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ṣágámù, lọ gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Andy Ruiz ní Diriyah ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ohun tí àwọn Saudi ṣe nìyẹn, ohun tí àwa náà ti ṣe ní ọdún 56 ṣáájú wọn. Mi ò lè wá síwájú yín kí n wá máa sọ pé fífi owó ìlú kọ́ pápá, tàbí fífi owó ìlú gbé ìjà wá sílé, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Inú àwọn bàbá wa dùn lọ́jọ́ yẹn, ó sì yẹ kó dùn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣáájú pápá náà. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó ṣí Liberty Stadium. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọmọ. Ẹ tún wo àwọn tó wà níjòókòó nígbà tí wọ́n ń náwó náà. Ilé aṣòfin wà ní Agódi yìí. Adégòkè Adélabú ni olórí alátakò níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1958, ẹnu rẹ̀ kò sì sìn fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group tó ń ṣèjọba, bá gbé kalẹ̀, ó máa dìde, ó máa tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ lójú gbogbo ilé. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker jókòó, wọ́n ń tú ìwé owó kòkó wò ní gbangba. Òṣèlú wà nínú ìjókòó náà, gbogbo wa la mọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà títí dòní pé wọ́n fi ń lépa Awólọ́wọ̀ ni. Àmọ́ ìwé jáde. Ará ìlú mọ iye tó wọlé àti ibi tó gbà. Nígbà tí ìjọba ológun ò tún gbọ́ mọ́ ní 1968, tí owó orí ń gorí ara wọn, àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n pe ara wọn ní Àgbẹ́kọ̀yà. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀, ìyẹn kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Owó orí náà wálẹ̀.

Ní Jámánì lónìí, òfin líìgì wọn ni pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn àwọn tó ń dá owó lọ́dọọdún bí a ṣe ń dá a nínú ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí, ló gbọ́dọ̀ di ìbò tó pọ̀ jù mú nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ mélòó kan tí òfin yọ̀ǹda. Ní ìparí ọdún 2023, àwọn tó ń darí líìgì fẹ́ ta ìpín kan nínú owó tẹlifíṣàn fún oníṣòwò láti òkèèrè. Àwọn òǹwòran ò gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sínú pápá, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, eré á dúró, àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa ṣa á bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Wọ́n ju ṣokoléètì tí wọ́n ṣe bí owó wúrà náà. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, líìgì náà pa ìdúnàádúrà yẹn tì. Kò sẹ́ni tó dájọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni nítorí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì.

Ó ku ibì kan tí mo fẹ́ mú yín dé kẹ́ ẹ tó lọ wo eré yín.

Mo ní Jiangsu kú ní 2021. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, agbègbè Jiangsu kan náà bẹ̀rẹ̀ líìgì tuntun láàárín ìlú mẹ́tàlá tó wà níbẹ̀. Ìjọba agbègbè ló ṣètò rẹ̀ o, mi ò ní fi pamọ́. Àmọ́ kò sí àjèjì olówó ńlá bíi Ramires àti Teixeira níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá a, àti tíṣà, àti ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ káàkiri ìlú. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun kò pọ̀ láàárín wọn rárá. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní sáà 2025 yẹn ò ju nǹkan bíi yuan mẹ́wàá lọ níbi púpọ̀, iye tí wọ́n fi ń ra abọ́ oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n ń na ìlú Changzhou léraléra, àwọn ará ibẹ̀ ò sì yé wá. Ìgbà tí ìyà náà pọ̀ jù ni wọ́n kún pápá jù, tí ó ju 30,000 lọ. Lọ́jọ́ 5 oṣù Keje, Nanjing gbàlejò Suzhou. Pápá ńlá Nanjing ni wọ́n lò, pápá tí Jiangsu Suning ń lò nígbà ayé rẹ̀. Àwọn tó wọlé ju 60,000 lọ.

Mo gbé fóònù mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá ọmọ mi aláṣọ ìyeyè, mo sì fi fídíò eré náà hàn án. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́ ojú, ó ń wá àga tó ṣófo. Kò rí. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ní, "Bàbá, ta ni nọ́ńbà 7 wọn?"

Mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ tíṣà.